Ẹni Tí Bàbá Bódìjà Jẹ́ Kó Fọwọ́ Kan Púlọ́ọ̀gì

Àwọn àgbà ìjọ ti sọ tiwọn. Wọ́n ti sọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá Bódìjà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àti bí wọ́n ṣe dúró bí òpó nínú ilé Ọlọ́run. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún ní ọjọ́ ìsìnkú, tí mo ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rere yẹn, ìbànújẹ́ nìkan kọ́ ló wà nínú mi. Mo ń jowú. Mo ń jowú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí ó jọ pé ó mọ Bàbá jù mí lọ. Mo ń jowú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí a fi sílẹ̀ nínú àgbàlá wọn pàápàá, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí Bàbá ní láyé, òun ni ọwọ́ wọn bà jù. Mo mọ̀ pé kò dáa kí ènìyàn máa jowú irin. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo ti gbàdúrà sí i, ó ṣì ń ṣe mí.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ilé wọn ò jìnnà sí ọjà pákó ní Bódìjà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ọmọ-ọmọ fi ń pè wọ́n ní Bàbá Bódìjà. Pákó ni wọ́n ń fi píkọ́ọ̀pù náà kó fún àwọn káfíńtà, láti Àgbowó títí dé Ring Road. Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ayé wọn. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, òun ni mò ń tọ̀ kiri: nígbà tí Bàbá jẹ́ kí n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ wọn nígbẹ̀yìn, ṣé wọ́n fọkàn tán mi ni, àbí àìlera ni ò jẹ́ kí wọ́n lè lé mi?

Ẹni tí ò bá mọ Bàbá lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Púlọ́ọ̀gì ò ju ìka ọwọ́ lọ. Òun ló ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó lè rìn, mẹ́rin ló sì wà nínú ọkọ̀ Bàbá. Níbòmíràn, ẹnikẹ́ni ló lè pààrọ̀ rẹ̀. Ní ilé Bàbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìyàwó wọn nìkan ni wọ́n ń ṣọ́ jù ú lọ.

Òjòwú ni wọ́n, wọn ò sì fi pamọ́. Ní ọdún ìkórè kan, alàgbà kan wá bá wọn lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní píkọ́ọ̀pù yín, ká fi lọ kó àga wá ní Mọ́kọ́lá.”

“Màá lọ kó o fúnra mi.”

“Ẹ̀yin lẹ máa ka Bíbélì àkọ́kọ́, Bàbá. A ti ní awakọ̀.”

“Ta ni awakọ̀ yín?”

“Ọmọ mi ni. Ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa.”

“Kó lọ wa tiẹ̀.”

Bí Bàbá ṣe wọ inú ọkọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ funfun àdúrà lọ́rùn, láìwọ bàtà, wọ́n sì lọ kó àga wá. Ẹlòmíràn ló ka Bíbélì náà. Nígbà tí Màmá, ìyàwó wọn, bi wọ́n léèrè bóyá ojú ò tì wọ́n, wọ́n ní: “Ọlọ́run á ní sùúrù fún mi. Ọkọ̀ yìí ò ní sùúrù fún àlejò.”

Màmá ló sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ìyá mi ṣì wà nílé ìwé nígbà náà. Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Alhájì Múfú, ará Òkè-Àdó, tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ní Ṣálẹ́ǹjì. Òun ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, ni Màmá bá ní, “Ọwọ́ Múfú yìí mọ́ o. Gbọ́ bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń dún.”

Bàbá gbé òkèlè ọwọ́ wọn sílẹ̀. “Ọwọ́ ta ló mọ́?”

“Ọwọ́ Múfú.”

“Níbo lo ti mọ ọwọ́ ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ọwọ́ tó fi ń ṣe ọkọ̀ ni mò ń sọ.”

Bàbá ò jẹun náà mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ ra sípánà púlọ́ọ̀gì tiwọn, wọ́n ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, wọ́n sì pàṣẹ pé Múfú ò gbọdọ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe ni pé wọn ò mú èyí tó wà nínú ọkọ̀ lọ sí ọjà. Ojú ni wọ́n fi rà á. Èyí tí wọ́n rà jọ ti tẹ́lẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn jù. Bí wọ́n ṣe tanná sí ọkọ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀ ló ń dún: ẹnu púlọ́ọ̀gì ń kan písítìnì tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará àdúgbò jáde. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé ká pe Múfú?”

“Kó wá ṣe kí ni? Ṣé mo ní kó wá bá mi gbé ni?”

Bàbá ló tú u fúnra wọn, ni wọ́n bá rí i pé ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn padà sí ọjà. Màmá máa ń sọ pé owú ló kọ́ ọkọ àwọn níṣẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀gá kankan. Bàbá ò jẹ́ jiyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: “Àlejò tó bá ga ju ilé lọ, àjà onílé ló máa fọ́.”

Láti ìgbà náà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n máa gbààwẹ̀ kí wọ́n tó lọ ra púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí mo dàgbà, èmi ni wọ́n máa ń mú lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Géètì. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà yẹn, mo ń gbé yàrá kan ní Àgbowó. Tí Bàbá bá pè mí lórí fóònù, inú mi á dùn débi pé màá fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìdùnnú yẹn bó ṣe rí: kì í ṣe pé mo fẹ́ràn púlọ́ọ̀gì. Mo fẹ́ràn kí wọ́n sọ pé èmi ni wọ́n fẹ́ bá rìn.

Bàbá á ti fi aṣọ ìnujú di púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan sínú àpò, wọ́n á sì mú àkísà tí wọ́n rẹ sínú epo pẹtiróòlù dání nínú ọ̀rá.

“Bàbá, ògidì ni o,” ni ẹni tó ń tajà á wí. “Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn.”

Bàbá á fi àkísà nu lẹ́tà tó wà lára apá rẹ̀ tó funfun. Lẹ́tà á lẹ̀ mọ́ àkísà.

“Ògidì ló ń ṣí àwọ̀ báyìí?”

“Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ fi epo wẹ̀ ẹ́ ni?”

“Ibi tó ń lọ gbé, epo ni wọ́n fi ń wẹ̀ níbẹ̀. Mú òmíràn wá.”

Tí wọ́n bá rí èyí tí ò ṣí àwọ̀, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á fi èékánná wọn ibi tí ìlà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Wọ́n á wá nà án sí mi pé kí n ka lẹ́tà tó kéré jù lára méjèèjì, kí n wò ó bóyá wọ́n bára mu. Tí mo bá wá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n á wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú: “Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀, ojú ẹ ni mo mú wá. Ẹnu ẹ, mo rò pé o ti fi í sílẹ̀ nílé.”

Àpẹ̀tẹ̀ ni ilé àwọn òbí mi wà. Orúkọ mi ni Délé, Bàbá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé ìlú òkèèrè ni mo ti wá. Ṣadé ni wọ́n ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ mi.

Ṣadé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá àti Màmá ló dàgbà sí. Òun ló ń bá Bàbá gba iṣẹ́ pákó, tó ń bá àwọn káfíńtà sọ̀rọ̀, ó sì ti lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Baṣọ̀run, nítorí Bàbá ò jẹ́ kó fi píkọ́ọ̀pù kọ́ ọ. Ọmọ dáadáa ni. Mo ní láti kọ ọ́ síbí kó má baà dà bíi pé mo kórìíra rẹ̀. Mi ò kórìíra rẹ̀. Mo kàn fẹ́ ohun tó ní.

Ohun tó ní ni èyí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, Bàbá á ṣí bónẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Wọ́n á fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku kúrò lẹ́nu ihò, kó má baà já sínú. Wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má baà dà wọ́n pọ̀. Wọ́n á fi sípánà tú ti àtijọ́, wọ́n á wo ojú rẹ̀: tó bá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo pọ̀ jù, tó bá funfun, ooru pọ̀ jù, tó bá rí bí àmọ̀ gbígbẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á mú tuntun, wọ́n á ti bíléèdì ayùn irin sí àlàfo ẹnu rẹ̀ láti fi wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e fún Ṣadé, òun á sì fi ìka nìkan yí i wọlé, jẹ́jẹ́, títí tí kò fi ní yí mọ́. Bàbá á wá fi sípánà fún un díẹ̀.

Èmi ni mò ń di àkísà mú.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ọ̀kan sí i.”

“Ìwọ? Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n.”

“Kò gbọ̀n, Bàbá.”

“Nà án síwájú, ká rí i.”

Mo nà án. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́, nítorí pé wọ́n ń wò ó. Ṣadé bú sẹ́rìn-ín. “Délé, sọ fún un kó dákẹ́!”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí ènìyàn bá fi ipá yí púlọ́ọ̀gì wọlé ní wíwọ́, ihò náà bàjẹ́ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ò sì ní dárí jì í. “Ìka ni kó kọ́kọ́ gbà fún, kí irin tó dá sí i.”

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Tí Ṣadé bá ti lọ sí ọjà pákó, Bàbá á padà síbi ọkọ̀. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé yàrá Màmá. Wọ́n á tú gbogbo èyí tí Ṣadé fi ìka yí wọlé, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì dá a padà bó ṣe wà gan-an. Inú mi dùn, orin ni mo fẹ́ kọ. Nígbà tó yá, mo rí i pé Ṣadé náà mọ̀.

“Ìgbà wo ni wọn ò tú u rí?” ó ní. “Wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dè, wọn ò sì rí nǹkan kan síbẹ̀ rí.”

“Kò dùn ẹ́?”

“Délé, ọkọ̀ wọn ni.”

Mo wá tún ń jowú ìyẹn náà. Ó kéré tán, Ṣadé ní iṣẹ́ tí Bàbá lè tú. Mo bi Màmá léèrè ìdí tí Bàbá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní àwọn náà ti bi Bàbá rí, èsì tí Bàbá fún àwọn ni: “Mo mọ̀ pé ó dáa. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo ṣe é.”

Títí di ọjọ́ ìsìnkú wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí Bàbá ò tú iṣẹ́ rẹ̀: Alhájì Múfú. Àìsàn èémí kọ lu Màmá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Epo pẹtiróòlù wọ́n ní gbogbo ìgboro, kò sí takisí lójú títì, Màmá ò sì lè jókòó lórí ọ̀kadà. Bàbá gbé wọn sínú píkọ́ọ̀pù, wọ́n tanná sí i. Kò dáhùn. Ìpáyà mú Bàbá, wọ́n ń tanná ṣáá títí epo fi rin púlọ́ọ̀gì gbingbin. Èmi dúró síbẹ̀, mi ò wúlò fún nǹkan kan.

Màmá ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn kéré. “Ẹ pe Múfú. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù mi.”

Bàbá wojú wọn. “Kí ni nọ́ńbà Múfú ń ṣe nínú fóònù ẹ?”

“Ó ń dúró de òní.”

Bàbá gba fóònù, wọ́n pè é fúnra wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Múfú, jọ̀ọ́.” Mi ò tíì gbọ́ “jọ̀ọ́” lẹ́nu wọn rí. Alhájì Múfú, tí irùngbọ̀n wọn ti funfun, gun ọ̀kadà láti Ṣálẹ́ǹjì pẹ̀lú sípánà lábẹ́ abíyá. Bàbá ṣí bónẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n sì fà sẹ́yìn, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Alhájì tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní kí n gbé wọn wọ ilé ìdáná lọ yan lórí iná sítóòfù títí wọ́n á fi gbẹ, wọ́n jẹ́ kí epo inú ẹ́ńjìnnì fẹ́ lọ, wọ́n sì dá wọn padà. Ọkọ̀ dáhùn. Bàbá gbé Màmá dé ilé ìwòsàn lásìkò.

Nígbà tí ara Màmá yá, Bàbá mú mi dání lọ sí Ṣálẹ́ǹjì. Àwọn méjèèjì jókòó sórí táyà.

“Múfú, ọwọ́ ẹ mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ.”

“Mi ò sọ ọ́ mọ́.”

Alhájì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Bàbá ò sì tú púlọ́ọ̀gì yẹn. Bí Múfú ṣe dè é ló wà títí ó fi gbó. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀, wọ́n kàn ṣàdédé sọ fún mi pé: “Owú dáa, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn.”

Èyí ló jẹ́ kí ìbéèrè mi le fún mi. Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀, tí mi ò ríṣẹ́, tí mo jókòó sílé ní Àpẹ̀tẹ̀ tí mò ń rò ó bóyá mo wúlò fún ẹnikẹ́ni, Bàbá pè mí. Ara wọn ò yá mọ́. Ṣadé ti lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà ní Ring Road. Bàbá ní kí n mú púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan, kí n dá lọ sí Géètì. Mo lọ, mo fi àkísà nù ú, mo fi èékánná wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

“Fi sí i.”

“Èmi, Bàbá?”

“Ta ló tún wà níbí?”

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Wọ́n rí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo fi ìka yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, mo fi sípánà fún un díẹ̀, mo tanná sí ọkọ̀. Bàbá tẹ orí ba, wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní, “Máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.” Kò sí ìyìn, kò sí èébú. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n lọ.

Nígbà tí ìsìnkú parí, a ń kó àga tí a háyà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ní àgbàlá Bàbá. Ṣadé dúró níwájú bónẹ́ẹ̀tì.

“Ìwọ lo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì yìí nígbẹ̀yìn?”

“Èmi ni.”

“Gbogbo ẹ̀? Ìwọ nìkan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó fọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì náà. “Ara wọn ò le nígbà yẹn. Wọn ò lè dìde láti tú u ni.”

“Wọ́n fọkàn tán mi, Ṣadé.”

“Wọn ò lágbára ni, Délé.”

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí ohun tí mi ò rò pé mo lè rí láyé: Ṣadé ń jowú mi. Ó yẹ kó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí pé òótọ́ ló ń sọ.

Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Ṣé ẹ ti jà tán? Ẹni tó ti lọ, ẹ tún fẹ́ pín in? Délé, bí o ṣe lọ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ní kí n gbé sípánà wá.”

Mo gbé àga tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

“Mo ní ara wọn ò yá. Wọ́n ní àwọn ò bi mí léèrè ara àwọn. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n di ògiri mú títí dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n sì ti sípánà bọ orí àkọ́kọ́.”

“Wọ́n tú u?” Ṣadé ló bèèrè.

“Wọ́n dúró. Wọ́n ní, ‘Ìyàwó mi, ọwọ́ ń yún mi.’ Mo ní kí wọ́n tú u tó bá ń yún wọn. Wọ́n ní rárá, Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀ dè é dáadáa, kó wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa sípánà jáde, wọ́n pa bónẹ́ẹ̀tì dé.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò lè dá a dúró. Mo ti gba ohun tí mo fẹ́. Màmá ò tíì parí.

“Wọ́n wá ní, ‘Àbẹ̀kẹ́ ni kó máa wà á. Kó má yá ẹnikẹ́ni.’”

Ṣadé fi gèlè bojú. Èmi, tí omijé ìdùnnú ò tíì gbẹ lójú mi, owú tún gbé mi. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mo gbà. Òun gba ọkọ̀. Mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ara mi pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà.

Ṣadé wọ ọkọ̀ náà, ó tanná sí i. “Ṣé o ò wọlé ni?”

“Máa lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ìta.”

Ó yí ọkọ̀ náà jáde láìfara kan ògiri, ó gba àárín àwọn akẹ́rù pákó kọjá, ó sì yọ sójú títì. Mo wò ó títí mi ò fi rí i mọ́. Mo padà lọ jókòó ti Màmá.

“Ó mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ,” ni mo wí.

Bí mo ṣe sọ ọ́, ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n fa eyín. Màmá sún díẹ̀ kí n lè jókòó dáadáa.